Ìyàwó Bàbá Bàǹtà Lọ Wo Sinimá

Iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ń ṣe, kò sẹ́ni tó ń rántí rẹ̀ àfi tó bá bàjẹ́. Yàrá tóóró kan ló ń jókòó sí lókè, lẹ́yìn àwọn òǹwòran, òun àti ẹ̀rọ sinimá kan tó tóbi tó kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Ẹ̀rọ náà ń pariwo, ooru rẹ̀ sì ń gbá a lójú láti ọ̀sán títí wọ́n á fi tilẹ̀kùn. Fíìmù tó ń lò níbẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó wọ́pọ̀. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, ó gùn lọ súà, wọ́n sì ká a sórí àwo irin ràgàjì kan tó dùbúlẹ̀ gbalaja. Láti orí àwo yìí ni fíìmù ti ń gba orí àwọn kẹ̀kẹ́ wẹ́wẹ́ lọ, á kọjá níwájú iná, á sì lọ ká ara rẹ̀ sórí àwo kejì. Bí etí rẹ̀ bá yẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo, ó lè ya pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́, kí gbogbo gbọ̀ngàn sì máa súfèé sí i lókè.

Níwájú, aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀ ga tó ilé alájà mẹ́rin. Bí òjò bá ń rọ̀ nínú fíìmù, wàá fẹ́ fi ọwọ́ bo orí. Bí àrá bá sán, àga á gbọ̀n nídìí rẹ. Ìtóbi yìí ni orí ọkùnrin náà fi ń wú. Kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀: gbọ̀ngàn bàǹtàbanta, àwòrán bàǹtàbanta, títí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi sọ ọ́ ní Bàbá Bàǹtà, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Kò ka àwọn gbọ̀ngàn kéékèèké tó wà ní apá kejì kọ́rídọ̀ sí nǹkan kan. Àpótí ló ń pè wọ́n. Kọ̀ǹpútà ló ń fi fíìmù hàn níbẹ̀. Ẹnì kan á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ wo fíìmù nínú àpótí, ì bá kúkú jókòó sílé kó wo fóònù rẹ̀. Ìyá Tọ́ọ̀ṣì, obìnrin tó ń fi iná ìléwọ́ júwe ìjókòó fún àwọn èèyàn nínú àwọn àpótí yìí, kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà balẹ̀. Ó ní ẹni tó bá wo fíìmù lọ́dọ̀ òun, ọrùn tó gbé wá ló ń gbé lọ sílé, àmọ́ lọ́dọ̀ Bàbá Bàǹtà, tíkẹ́ẹ̀tì kan ni èèyàn ń rà tó ń gba nǹkan méjì: fíìmù àti ọrùn ríro.

Ìgbà tí ara ṣì le ni wọ́n ń fi èyí ṣẹ̀fẹ̀. Láìpẹ́ yìí, àárẹ̀ ti wọ ọkùnrin náà léegun. Ẹ̀yìn ń ro ó. Tó bá dé ilé, orí àga tó bá kọ́kọ́ bá ló ń sùn sí, bàtà lẹ́sẹ̀. Tó bá jí, á gbàdúrà ní kúkúrú, á tún gba ibi iṣẹ́ lọ. Onígbàgbọ́ ni, kì í ṣe ti ẹnu lásán. Kò sí ọjọ́ kan tó fi fíìmù sórí kẹ̀kẹ́ láìsọ pé Olúwa, mú un lọ, mú un bọ̀. Àmọ́ àdúrà pàápàá máa ń rẹ èèyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sọ bẹ́ẹ̀ níta.

Ọ̀rọ̀ ojú ìyàwó rẹ̀ ló ń rẹ̀ ẹ́. Aránṣọ ni obìnrin náà. Bí eré ló bẹ̀rẹ̀: ó ń fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá, ife tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a ṣubú. Bí kẹ̀kẹ́ bá kọjá lára rẹ̀ ní títì, á ta gìrì bí ẹni pé ojú ọ̀run ló ti já bọ́. Síbẹ̀, tó bá fẹ́ fi òwú bọ abẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tètè ka ọ̀rọ̀ náà kún. Ọmọbìnrin wọn, tó wà nílé ọkọ, ló fà á lọ́wọ́ lọ sí ọsibítù.

Bàbá Bàǹtà bá wọn lọ. Dókítà tan iná sí obìnrin náà lójú, ó fún un ní oògùn kíkán, ó ní èyí tó ti lọ nínú ìríran kò ní padà wá, pé ohun tó kù ni oògùn náà á máa bẹ̀ kó má lọ. Ó ṣàlàyé ìyókù pẹ̀lú, ó tiẹ̀ fi bírò ya nǹkan róbótó kan sórí bébà fún wọn. Ṣùgbọ́n Bàbá Bàǹtà ti ṣiṣẹ́ kọjá agbára, oorun ń fà á lórí bẹ́ǹṣì. Ohun tó gbé kúrò níbẹ̀ kò ju pé ojú ìyàwó òun ń lọ.

Ó wá ṣe ohun tí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ tirẹ̀ á ṣe. Ó sọ gbogbo nǹkan di ńlá. Ó gbé aago tó fẹ̀ tó tírèé kọ́ sára ògiri. Ó ra Bíbélì onílẹ́tà ńlá, tó wúwo bíi búlọ́ọ̀kù. Ó mú fóònù obìnrin náà, ó mú kí lẹ́tà inú rẹ̀ tóbi títí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fi gba gbogbo ojú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúpẹ́. Ó gbé Bíbélì ńlá sórí àpótí ìjókòó, ó tún padà sídìí èyí kékeré tó ti ń lò láti ọjọ́ tó ti pẹ́, tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ṣí. Ọkọ rẹ̀ kà á sí oríkunkun. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ó gbé e mì.

Wọ́n gbàdúrà. Ìjọ bá wọn gbàdúrà. Pásítọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bo obìnrin náà lójú níwájú gbogbo èèyàn, ó ní kí ìmọ́lẹ̀ padà, wọ́n sì ké àmín títí ògiri fi dún. Ìyàwó rẹ̀ ṣe àmín, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó dìde, ó sì fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn bó ṣe ń jáde. Bàbá Bàǹtà rí i. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun rí i. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, àmín tirẹ̀ kì í dé ìsàlẹ̀ ikùn mọ́. Kò ṣiyèméjì pé Ọlọ́run lè ṣe é. Ohun tí kò yé e ni ohun tí Ọlọ́run ń dúró dè, irú ìbéèrè yẹn kò sì ṣeé gbé dìde láàárín ìjọ. Ó ń há a mọ́ àyà bí èèyàn ṣe ń há ikọ́ mọ́ra nígbà tí àdúrà ń lọ lọ́wọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe ń kán oògùn sí obìnrin náà lójú, ìyàwó ní, "Dádì, ẹ mú mi lọ síbi iṣẹ́ yín. Mo fẹ́ wo fíìmù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kí ojú yìí tó pa dé."

Ọkùnrin náà ní láti ọjọ́ tó ti pẹ́ wá, kò fìgbà kan béèrè.

"Ẹ̀yin náà ò pè mí," ni ìyàwó wí.

Òótọ́ ni. Níbẹ̀rẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, aṣọ oníbàárà wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Alàgbà kan tún wà nínú ìjọ wọn láyé ọjọ́un tó ń wàásù pé ilé sinimá ni ẹnu ọ̀nà ayé, wọ́n sì ti bá ara wọn fi ẹnu kò nílé pé iṣẹ́ ni ọkọ ń ṣe níbẹ̀, kì í wòran. Alàgbà náà ti kú, ìpinnu rẹ̀ ló kù sínú ilé wọn. Bí ọjọ́ ayé ṣe lọ nìyẹn.

Fíìmù kan wà nígbà náà tí wọ́n ń fi hàn ní gbọ̀ngàn ńlá àti nínú àpótí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìtàn ìyá kan ni, tó pọn ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣàìsàn, tó ń da ràkúnmí la aṣálẹ̀ kọjá lọ wá ibi tí omi wà. Kò sí ìṣekúṣe nínú rẹ̀. Bàbá Bàǹtà lọ gba ìjókòó tó dára jù ní gbogbo gbọ̀ngàn ńlá fún ìyàwó rẹ̀, àárín gbùngbùn, ibi tí ohùn àti àwòrán ti pàdé, ibi tí àwọn tó mọ sinimá máa ń bá ara wọn jìjàdù sí. Ó mú un débẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó gbọn ìjókòó náà nù fún un, ó sì sáré gun òkè lọ sídìí ẹ̀rọ. Òun kò lè bá a jókòó. Fíìmù ńlá kì í fẹ́ kí a fi òun sílẹ̀.

Láti ojú fèrèsé kékeré tó wà níwájú ẹ̀rọ, ó ń rí gèlè ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí aṣálẹ̀ ṣí sílẹ̀ lójú aṣọ, tí gbogbo gbọ̀ngàn mí kanlẹ̀, ó wo gèlè náà. Ó ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì, ó lọ sókè, ó tún wálẹ̀, bíi ti ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù sílẹ̀. Inú ọkùnrin náà dùn. Ó ní ẹnu ń ya ìyàwó òun, ó ń wo igun gbogbo kí ọ̀kan má bàa bọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, gèlè náà tẹrí ba, kò sì gbérí mọ́ títí iná fi tàn. Ó ní ẹkún ló ń sun, nítorí fíìmù náà ń pa àwọn kan lẹ́kún.

Nígbà tó bi í pé báwo ni, obìnrin náà ní ó tóbi. Ó ní ó dára. Bàbá Bàǹtà ń retí kó sọ sí i. Kò sọ nǹkan kan títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé, ìgbà yẹn ló béèrè pé, ọmọ obìnrin náà ńkọ́, ṣé ó padà kú?

Ọkùnrin náà dúró ní títì. Ó ti yí fíìmù náà lójoojúmọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, òun pàápàá kò sì mọ̀. Ojú tó fi ń wo àwòrán kì í ṣe ojú ìtàn: ṣé ó mọ́ kedere, ṣé eruku wà lára rẹ̀, ṣé iná rẹ̀ gún. Àìmọ̀ yìí ló bí i nínú, ìyàwó rẹ̀ ló sì kó o lé lórí. Ó ní ṣé ó sùn ni? Ó ní ìjókòó tí àwọn èèyàn ń fi ẹsẹ̀ tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ torí ẹ̀, ìyàwó òun lọ jókòó síbẹ̀ ó ń tòògbé.

Wọ́n dé ilé, ìyàwó ń wá bàtà ilé rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbá bàtà náà níwájú rẹ̀ gan-an bíi bọ́ọ̀lù. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó mú róòlù òwú kan tó ti tán, ó gbé e sí ojú ọkọ rẹ̀ kan, ó ní kó fi ọwọ́ pa ojú kejì dé.

"Ẹ wo yàrá yìí nínú ihò rẹ̀," ó wí. "Bó ṣe rí nìyẹn, Dádì. Ohun tó bá jìnnà, tó kéré, ó ń wọ inú rẹ̀, mo sì ń rí i dáadáa. Ohun tó bá tóbi, etí ràkúnmí kan ni mo rí. Mo ń wá ojú ìyá yẹn káàkiri ara aṣọ yín. Nígbà tí mo bá fi máa rí i, ó ti sọ̀rọ̀ tán."

Bàbá Bàǹtà wo yàrá náà nínú ihò òwú. Ó rí nọ́ńbà mẹ́ta péré lára aago bàǹtàbanta tó gbé kọ́ sára ògiri. Ó rí igun Bíbélì ńlá. Ó yí ojú sí ìyàwó rẹ̀, ó sì rí imú rẹ̀ àti ojú kan. Ó gbé róòlù náà sílẹ̀.

Ó béèrè pé kí ló dé tí kò fi wí látọjọ́ yìí.

"Ẹ̀ ń sapá," ni obìnrin náà wí. "Ó rẹ̀ yín, síbẹ̀ ẹ̀ ń ru nǹkan ńlá wálé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?"

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àdúrà kọ̀ láti jáde lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó ń bẹ Ọlọ́run fún láti ọjọ́ yìí, pé kó la ojú obìnrin náà, ó dára. Àmọ́ òun tí wọ́n jọ ń gbé inú yàrá kan kò bi í léèrè rí pé kí lo ń rí. Ó dà bíi pé ó ń gbàdúrà lórí ẹni tí kò wò. Ó wá ń rò ó pé, Ọlọ́run tó mọ̀ ńkọ́, kí ló dé tí kò fi ta òun lólobó? Ó sùn lórí ìbéèrè náà. Kò sí ìdáhùn nígbà tó jí.

Fíìmù náà kò ní pẹ́ kúrò. Bàbá Bàǹtà rìn lọ sí apá kejì kọ́rídọ̀, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sábà dé, ó sì bá Ìyá Tọ́ọ̀ṣì níbi tó ti ń gbá èèpo gúgúrú jọ. Ó béèrè bóyá ààyè á wà ní ìlà ẹ̀yìn pátápátá nínú àpótí tó kéré jù. Ìyá Tọ́ọ̀ṣì dá ìgbálẹ̀ dúró, ó ń wò ó. Ó ní ṣé etí òun ló ń dún ni, àbí Bàbá Bàǹtà ló fẹ́ kó wọ àpótí lóòyẹ̀? Ọkùnrin náà ṣàlàyé ojú ìyàwó rẹ̀ fún un. Ẹ̀rín kúrò lójú Ìyá Tọ́ọ̀ṣì. Ó ní kó mú un wá lọ́sàn-án, òun á fi ọwọ́ ara òun mú un jókòó, òun á sì máa yọjú sí i.

Ṣùgbọ́n ìyàwó kọ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹlòmíì bá òun jókòó. Ó ní láti ìgbà tí àwọn ti fẹ́ ara àwọn, kò sí ibì kan tí àwọn méjèèjì ti jọ kọjú sí ohun kan náà, àfi ṣọ́ọ̀ṣì, níbẹ̀ pàápàá ọkọ òun máa ń wo ẹ̀rọ gbohùngbohùn bóyá yóò han gooro. Ọ̀rọ̀ di àárọ̀ nìyẹn, torí gbọ̀ngàn ńlá kì í ṣí láàárọ̀, àpótí nìkan ló ń ṣí. Kò sì sí ohun tí ara Bàbá Bàǹtà ń fẹ́ láàárọ̀ bí oorun. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tún àwo irin ṣe ti dá a dúró pẹ́ lálẹ́ tó ṣáájú. Ó wẹ ojú, ó wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó mú ìyàwó rẹ̀ lápá, wọ́n lọ.

Àwọn mélòó kan péré ló wà nínú àpótí náà. Ìyá Tọ́ọ̀ṣì tan iná sílẹ̀ fún wọn títí wọ́n fi dé ìlà ẹ̀yìn, ẹ̀yìn wọn kan ògiri. Ó ń kùn lábẹ́lẹ̀ pé kí àlejò pàtàkì rọra jókòó, àga ibí kì í gbọ̀n. Níwájú, aṣọ náà kò ju bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́ni méjì lọ lójú Bàbá Bàǹtà. Àwòrán rẹ̀ pupa jù díẹ̀. Ó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, ó gbé e mì.

Aṣálẹ̀ ṣí. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Orí obìnrin náà dúró gbọnin. Kò yí sọ́tùn-ún, kò yí sósì. Ó gbé ọwọ́ lé orí itan, ó ń wo ọ̀kánkán bíi ti ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí ràkúnmí kan kọ̀ láti dìde tí ìyá inú fíìmù náà ń bú u, obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ní àsìkò kan náà tí àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wọ ọkọ rẹ̀ lára. Ó ní kí òun náà kúkú wo ìtàn yìí lónìí. Ó fara ti àga.

Ohun tó tún gbọ́ ni Ìyá Tọ́ọ̀ṣì tó ń sọ pé kí wọ́n má jí i, pé oorun ilé sinimá ló dùn jù. Iná ti tàn. Orí rẹ̀ wà léjìká ìyàwó rẹ̀, itọ́ ti dà sí aṣọ obìnrin náà. Ojú tì í débi tí kò lè wo ẹnikẹ́ni. Ìyàwó rẹ̀ kò bínú. Ó ní òun rí gbogbo rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ní ibùdókọ̀, ó ń sọ ìtàn náà fún un, wọ́n sì wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé láìtíì sọ ọ́ tán. Kànga tí ìyá náà ń wá, gbígbẹ ló bá a. Ó jókòó tì í, ó tún dìde, torí kò sí ohun mìíràn tí èèyàn lè ṣe. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò mira mọ́. Ó ń rìn lọ, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó ń gbọ́, kò sì lè sọ ọ́ kalẹ̀ kó wò ó, ẹ̀rù ohun tó máa rí ń bà á.

"Ó wá kú?" ni Bàbá Bàǹtà bi í.

"Kò kú. Níbi tó ti fẹ́ parí, ọwọ́ ọmọ náà mira lẹ́yìn rẹ̀, báyìí, fẹ́ẹ́rẹ́. Àwa la rí i. Ìyá rẹ̀ ò rí i."

"Kò mọ̀?"

"Ẹ̀yìn ló wà. Ó ń rìn lọ ni."

Ọkàn Bàbá Bàǹtà lọ sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ọwọ́ yẹn ti kọjá níwájú iná òun lójoojúmọ́, ó ga tó ilé, òun kò sì rí i. Ó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àárọ̀ yìí, ó sì ń dúpẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tó ní sí i kò kúrò níbẹ̀, méjèèjì jókòó ti ara wọn láyà rẹ̀. Ó bi ìyàwó rẹ̀ bóyá ihò náà ṣì fẹ̀ bó ṣe fẹ̀. Obìnrin náà ní ó ti kéré sí i díẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé oòrùn ti ń wọ̀.

Ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Oorun tún ń bọ̀. Gbọ̀ngàn ńlá ń retí rẹ̀ lọ́sàn-án.

"Ẹ sùn," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì kọjú sí gíláàsì iwájú bọ́ọ̀sì náà, ibi tí títì ti ń bọ̀ ní kékeré láti òkèèrè. "Mo máa jí yín tá a bá délé."